Olórí Ẹbí Kò Ní Ilẹ̀ Tí Yóò Tà

Ẹni tó bá ń sọ pé òun ló ni ilẹ̀ kan ní Ìjerò-Èkìtì, kó gbẹ́ ẹ wò. Bó bá kan omi, kó mu ún. Bó bá kan tọmalíìnì tàbí òkúta tí wọ́n ń yọ lítíọ́mù lára rẹ̀, ti Àbújá ni: abala 44(3) nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ti kó gbogbo àlùmọ́ọ́nì fún ìjọba àpapọ̀. Orí ilẹ̀ pàápàá kò bọ́. Láti March 1978 tí ìjọba ológun Ọbásanjọ́ ti gbé Òfin Ìlò Ilẹ̀ jáde, ọwọ́ gómìnà ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan wà, kó máa bá ará ìlú tọ́jú rẹ̀. Bí ìjọba bá gba oko lọ́wọ́ ẹni, owó ilé àti ti kòkó orí rẹ̀ ni yóò san, kì í ṣe iye tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ tó. Ìwé ilẹ̀ tí gómìnà ń fọwọ́ sí, C of O tí à ń fi yangàn, kò ju àṣẹ ìlò lọ.

Mi ò sọ pé gómìnà ló wá ni ín o. Kò sí ẹnì kan ṣoṣo tó ni ilẹ̀. Ní 1921, nínú ẹjọ́ Amodu Tijani, Olóyè Olúwa ti Èkó, àwọn onídàájọ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì ní London gbà pé gbogbo ẹbí àti ìlú ló ń jẹ́ onílẹ̀ nílẹ̀ wa; alábòójútó lásán ni olóyè. Ẹbí ọ̀hún kì í sì í ṣe àwọn tó jókòó sípàdé nìkan. Òkú wà nínú rẹ̀, ọmọ tí a kò tíì bí wà nínú rẹ̀. Òfin ní bí olórí ẹbí àti àwọn àgbà bá ti panu pọ̀, títà dúró. Èmi kò gbà. Àwọn ọmọbìnrin ẹbí tó wà láàyè gan-an, ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n ń pè wọ́n sí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀?

Àwọn tó fẹ́ kí a máa ta ilẹ̀ á ní báǹkì kì í yá ẹni tí kò nílẹ̀ lówó. Nínú ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo ní 1989, wọ́n ti fi dúkìá ṣe ìdógò fún báǹkì, ṣùgbọ́n gómìnà kò fọwọ́ sí i. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní ìdógò náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àṣẹ gómìnà ni báǹkì ń wò. Wọ́n á tún ní kò sẹ́ni tí yóò gbin ohun tó ń pẹ́ sórí ilẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀. Irọ́ ni! Kòkó a máa lo ọdún 3 sí 5 kó tó so, síbẹ̀ ilẹ̀ ẹbí ni wọ́n gbìn ín sí láti Ẹ̀fọ̀n dé Arámọkọ. Àlejò tó tọrọ ilẹ̀ ń san ìṣákọ́lẹ̀, ó sì ń ká kòkó rẹ̀.

Ẹ wo ibi tí wọ́n ti wa kùsà tán: kòtò, omi pupa tó dá rogún, gbòǹgbò kòkó tó yọ síta létí rẹ̀. Òfin ìwakùsà ti 2007, abala 116, ní kí awakùsà bá ìlú ṣe àdéhùn kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹbí tó ti ta ilẹ̀ pátápátá, ẹnu wo ni yóò fi sọ̀rọ̀ níbẹ̀? Kí ẹbí yá awakùsà ní ilẹ̀ fún iye ọdún kan, kí a kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹni tó gbẹ́ kòtò ni yóò dí i, kí owó máa kan tọkùnrin tobìnrin lọ́dọọdún. Olórí ẹbí tó bá dá ta ilẹ̀ láìjẹ́ káwọn àgbà gbọ́, kí ẹbí tètè gbé e lọ sílé ẹjọ́. Adájọ́ lágbára láti wọ́ irú títà bẹ́ẹ̀ nílẹ̀.