Ṣé Abẹ́rẹ́ Ọmọ Ló Ń Fa Jẹjẹrẹ?

Arábìnrin kan tó ti ń wojú Olúwa fún ọmọ láti ọdún méje wá bá mi lẹ́yìn ìsìn àárín ọ̀sẹ̀. Wọ́n ní kó lọ rí dókítà tó mọ̀ nípa ọmọ bíbí, bóyá IVF ni yóò kàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin ti sọ fún un pé abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń mú ẹyin gbó máa ń fa jẹjẹrẹ ilé ẹyin. Ẹ̀rù bà á, kò lọ mọ́. Nígbà tí mo bi í pé kí ló wá ń lò, ó yọ Clomid nínú báàgì. Kẹ́mísíìtì àdúgbò ló ń tà á fún un, oṣù kẹjọ rèé! Bẹ́ẹ̀, oògùn tó ń mú ẹyin gbó náà ni Clomid.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n ọkọ yìí kì í ṣe irọ́ pátápátá. Ní 1994, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà kọ ọ́ pé àwọn tó lo Clomid tó oṣù 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní kókó ilé ẹyin ju àwọn yòókù lọ. Àmọ́ àwọn obìnrin tí wọ́n rí i lára wọn kò pọ̀. Ìwádìí ńlá dé lẹ́yìn náà. Ní 2018, wọ́n tẹ èyí tí wọ́n ṣe ní Gẹ̀ẹ́sì jáde, lórí obìnrin 255,786 tó gba irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀. Àwọn 405 ló ní jẹjẹrẹ ilé ẹyin, nígbà tó jẹ́ pé nǹkan bí 292 ni wọ́n retí. Ó pọ̀ sí i lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lára ta ni? Lára àwọn tó ní endometriosis, ìyẹn àìsàn tó ń mú kí ẹran inú ilé ọmọ hù sí ìta rẹ̀, àti lára àwọn tí kò bímọ rí. Àwọn tó jẹ́ pé ọkọ wọn nìkan ló ní ìṣòro ńkọ́? Irú abẹ́rẹ́ kan náà ni wọ́n gbà, tiwọn kò sì ju ti obìnrin yòókù lọ. Ó dà bí ẹni pé ohun tó ti wà lára tẹ́lẹ̀ ló yẹ ká fura sí ju abẹ́rẹ́ lọ. Oyún níní àti ọmú fífún ọmọ pàápàá máa ń dín jẹjẹrẹ yìí kù.

Ohun tó ń bí mi nínú ni oògùn tí wọ́n ń rà láìsí àyẹ̀wò. Àwọn dókítà kì í sábà fẹ́ kí Clomid kọjá oṣù mẹ́fà. Ta ló ń ka oṣù fún arábìnrin wa? Ọkọ rẹ̀ kò sì tíì ṣe àyẹ̀wò àtọ̀ rí láti ọdún méje! Nínú nǹkan bí ìdajì irú ọ̀rọ̀ báyìí, ọwọ́ ọkùnrin wà níbẹ̀. Síbẹ̀ ìyàwó nìkan là ń pè síwájú pẹpẹ, ọkọ á jókòó sórí àga rẹ̀. Àwọn Pènínà sì pọ̀ nínú ìjọ, gèlè wọn ga ju ti Hánà lọ.

Mo mọ̀ pé owó IVF ju agbára òṣìṣẹ́ ìjọba bíi tèmi lọ. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò ọkùnrin kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀, kò sì lòdì sí ìgbàgbọ́. Oníṣègùn ni Lúùkù. Obìnrin tí ikùn rẹ̀ ń wú fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tó ń tètè yó, tí abẹ́ ikùn ń dùn, tó ń tọ̀ léraléra, kó lọ sí ilé ìwòsàn, ìbáà gba abẹ́rẹ́ rí tàbí kò gbà.

Mo ti bá ọkọ arábìnrin náà sọ̀rọ̀. Ó kọ́kọ́ fajú ro. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni àwọn méjèèjì ń lọ.