Ohun èlò àtijọ́ kì í ṣe ọ̀ṣọ́ ara ògiri

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé ohun tó bá ti pẹ́ ti di ohun ìpatì, pé tuntun ló máa ń sàn ju àtijọ́ lọ. Ní ti orin, ẹgbẹ́ olórin kan ní ìlú Vienna, lórílẹ̀-èdè Austria, ti fi iṣẹ́ ọwọ́ wọn já èrò yìí nírọ́. Concentus Musicus ni orúkọ ẹgbẹ́ náà. Nikolaus Harnoncourt, ìyàwó rẹ̀ Alice, àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn kan ló dá a sílẹ̀ ní ọdún 1953.

Nínú ẹgbẹ́ olórin ńlá kan ní ìlú náà ni Nikolaus ti ń rí oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Orin Johann Sebastian Bach, tó kú ní ọdún 1750, wà lára ohun tí wọ́n ń lò níbẹ̀, ṣùgbọ́n ohun èlò tí Bach kò fojú rí rí ni wọ́n fi ń lò ó. Ìdí rẹ̀ kò ṣòroó mọ̀. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, gbọ̀ngàn orin ń tóbi sí i, àwọn olórin sì ń wá ohun tí yóò dún dé ẹ̀yìn ilé. Wọ́n gé ọrùn ọ̀pọ̀ fáyólìn àtijọ́, wọ́n fi èyí tó gùn díẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Okùn tí wọ́n ń fi ìfun àgùntàn ṣe di okùn irin nígbà tó yá. Wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ púpọ̀ kún fèrè onígi, lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ fèrè di onírin. Kàkàkí wọn, tó jẹ́ pé èémí àti ètè nìkan ni wọ́n fi ń darí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi tiwa, di èyí tí ìka ń tẹ̀. Píánò tó ń fi òòlù kéékèèké lu okùn gba ipò dùùrù àtijọ́ tó ń fi ṣónṣó ìyẹ́ ta okùn.

A kò lè sọ pé àwọn àyípadà wọ̀nyí burú. Ariwo pọ̀ sí i, iṣẹ́ sì rọrùn. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Okùn ìfun kì í pariwo, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ a máa já gaara. Bí fáyólìn àti fèrè bá jọ ń sọ̀rọ̀, ìkínní kì í bo ìkejì mọ́lẹ̀. Nínú orin tí ohùn mẹ́rin tàbí márùn-ún ti ń dá ara wọn lóhùn, èyí ni gbogbo ọ̀rọ̀.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni sùúrù wọn. Láti 1953 títí di 1957, ìdánrawò ni wọ́n ń ṣe, kí wọ́n tó jáde sí gbangba. Wọ́n ń wá ohun èlò àtijọ́ rà, wọ́n sì ń kọ́ bí a ti ń lò ó. Kò sí àgbà kankan láyé mọ́ tí wọ́n lè bi léèrè. Inú ìwé ni wọ́n ti ń ṣe ìwádìí, irú bí èyí tí Quantz kọ lórí fèrè ní 1752 àti èyí tí Leopold Mozart kọ lórí fáyólìn ní 1756. Nígbà tó di 1971, àwọn àti Gustav Leonhardt, ará Netherlands, bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn orin ìjọ Bach sílẹ̀ sínú àwo. Àwọn orin náà sún mọ́ 200, iṣẹ́ ọ̀hún sì gbà wọ́n tó ogún ọdún kó tó parí.

Àwọn alátakò ní eré ìbòjú lásán ni, pé etí òde òní kò lè di etí ìgbà Bach. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ooru gbọ̀ngàn a máa tú okùn ìfun sílẹ̀, kàkàkí àtijọ́ a sì máa ṣì ohùn gbé. Ṣùgbọ́n Harnoncourt kò sọ àtijọ́ di òrìṣà. Ó darí àwọn ẹgbẹ́ tó ń lo ohun èlò òde òní pẹ̀lú, títí kan eré ọdún tuntun ti Vienna ní 2001 àti 2003. Kí orin lè sọ̀rọ̀ sí alààyè ni ó ń wá. Ó kú ní 2016, ẹgbẹ́ náà kò sì tú ká.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ fún àwa Yorùbá nìyí. Okùn ìmọ̀ ti já mọ́ àwọn ará Vienna lọ́wọ́, ìwé ni wọ́n fi so ó padà. Tiwa kò tíì já. Àgbà onílù tó mọ bí a ti ń fa awọ, tó mọ ohun tí ìyáàlù ń sọ, ṣì ń bẹ láàyè. Síbẹ̀, ní ọ̀pọ̀ òde àríyá, kíbọọ̀dù kan ṣoṣo ni a fi ń sín odidi ọ̀wọ́ ìlù jẹ, a sì ń gbé ìlù gan-an kọ́ ara ògiri fún àlejò wò. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ gba àwọn àgbà wọ̀nyí sí ilé ẹ̀kọ́, kí ó sì san owó oṣù fún wọn bí ó ti ń san fún olùkọ́. Kí ilé iṣẹ́ rédíò gba ohùn wọn àti àlàyé wọn sílẹ̀. Owó tí a ó ná báyìí kéré sí èyí tí a ó fi wá ohùn ìlù nínú ìwé lọ́jọ́ iwájú, pàápàá nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú ìmọ̀ náà kò tíì sí nínú ìwé kankan.