Ẹ Fi Fíìmù Àtijọ́ Sílẹ̀ Bó Ṣe Wà

Ìwà ìbàjẹ́ ni, mi ò ní fi orúkọ mìíràn pè é: kí èèyàn ki àwo fíìmù àtijọ́ bọ ẹ̀rọ, kó wá mú rìmóòtù, kó máa fẹ àwòrán náà títí yóò fi kún gbogbo ojú tẹlifíṣọ̀n pẹrẹsẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Ó ti wọ́pọ̀ nínú pálọ̀ wa débi pé kò ṣe ẹnikẹ́ni ní kàyéfì mọ́.

Ẹ wo Ṣaworoidẹ lọ́nà yẹn, fíìmù tí Túndé Kèlání gbé jáde ní 1999. Ojú ìlù tó rí róbótó á fẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Adé orí Lápité, ọba inú fíìmù náà, á di pẹlẹbẹ. Adébáyọ̀ Fálétí tó ṣe Baba Ọ̀pálábá á ki pọ́pọ́, ọrùn rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ wọnú èjìká. Baba náà ò rí bẹ́ẹ̀ rárá! Ọmọ tí kò bá a láyé á sì gbà pé bó ṣe rí nìyẹn.

Tẹlifíṣọ̀n ẹlẹ́yìn ńlá tí gbogbo wa ń lò nígbà náà, 4:3 ni ojú rẹ̀: bí ìbú bá jẹ́ 4, gíga á jẹ́ 3. Ojú yẹn ni wọ́n ya Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ fún ní 1993. Ti òde òní jẹ́ 16:9. Ẹni tó bá fa ti àtijọ́ kún un ti bu ìdá kan nínú mẹ́ta lé ìbú gbogbo èèyàn inú rẹ̀, gíga wọn ò sì kúrò níbi tó wà.

Àwọn mìíràn ò fà á, súùmù ni wọ́n ń tẹ̀. Ìyẹn tún burú jù. Ìdá kan nínú mẹ́rin àwòrán náà ló máa bọ́ sọnù lókè àti nísàlẹ̀: gèlè lọ, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìsàlẹ̀ tí ọmọ wa tí wọ́n bí sí London fi ń tẹ̀lé ìtàn náà lọ. Ta ló máa fa fọ́tò ìyá rẹ̀ gbòòrò torí pé férémù tóbi jù ú?

Wọ́n á ní àwọn fowó ńlá ra tẹlifíṣọ̀n, dúdú tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì bí a kò bá fa àwòrán ń fi ojú rẹ̀ ṣòfò. Mi ò gbà. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ látilẹ̀. Iṣẹ́ kámẹ́rà ni Kèlání fi bẹ̀rẹ̀. Ibi tó fi etí àwòrán sí, ó mọ̀ ọ́n mọ̀ fi síbẹ̀ ni. Àwòrán VCD ò sì ju 352 × 288 lọ, bẹ́ẹ̀ ojú ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n tuntun tó 1920 × 1080 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bẹ́ ẹ bá ṣe ń fẹ̀ ẹ́ tó ni yóò máa ṣe bàìbàì tó.

Ibì kan ṣoṣo ni mo ti gba súùmù láàyè: DVD àtijọ́ tí fíìmù inú rẹ̀ fẹ̀, tí wọ́n wá fi dúdú sókè àti sísàlẹ̀ kó lè gba ojú 4:3. Dúdú nìkan ni súùmù máa gé níbẹ̀. Yàtọ̀ síyẹn, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Picture Size tàbí Aspect sí, kẹ́ ẹ yan 4:3.

Ẹni tó fà á nílé ara rẹ̀ ṣì lè fi rìmóòtù tún un ṣe. Àwọn tí inú ń bí mi sí jù ni àwọn tó ń fà á kí wọ́n tó gbé e sórí YouTube. Ìyẹn ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn máa wò, ó sì lè jẹ́ òun nìkan ló máa ṣẹ́ kù tí àwo bá bàjẹ́ tán. Kí àwọn tó ni fíìmù pàṣẹ fún wọn láti yọ ọ́ kúrò, kí wọ́n sì dá a padà síbẹ̀ ní 4:3.