Owó Rọ́bà Ìtọ̀

Ọ̀rọ̀ rọ́bà ìtọ̀ ló ń jẹ mí lọ́kàn lọ́sẹ̀ yìí. Ìtọ̀ há mọ́ bàbá kan nínú ní àdúgbò wa ní Nima, ní Accra. Káàdì adójútòfò ìlera rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, síbẹ̀ wọ́n kọ ìwé pélébé fún ọmọ rẹ̀ nílé ìwòsàn: lọ ra rọ́bà tí a máa fi fa ìtọ̀ jáde, àpò ìtọ̀ àti ìbọ̀wọ́ wá. Nọ́ọ̀sì ò kúkú ṣèkà. Kò sí nǹkan nínú kọ́bọ́ọ̀dù wọn ni. Ṣùgbọ́n láti 2008 ni NHIS, ètò adójútòfò ìlera ìjọba Ghana, ti ń san owó fún ilé ìwòsàn ní ìdìpọ̀ kan lórí àìsàn tàbí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe. Oògùn ni wọ́n ń ṣírò lọ́tọ̀. Ohun èlò iṣẹ́ ti wà nínú ìdìpọ̀ yẹn. Àfi bí ẹni sanwó wákyé tán, kí ìyá oníwákyé wá ní kó lọ ra ewé tí òun máa fi pọ́n ọn wá! Ilé ìwòsàn á ní owó ìjọba kì í tètè dé. Òótọ́ ni, ẹ̀sùn náà sì ti pẹ́ nílẹ̀. Àmọ́ owó ìlera 2.5% tó wà lórí ọjà ti kúrò lápò wa ní tiwa. Kí ló wá kan aláìsàn nínú gbèsè àárín àwọn méjèèjì? Sanwó-kó-o-tó-gbàtọ́jú tí òfin NHIS ti 2003 fẹ́ pa rẹ́ ló tún gba ẹ̀yìnkùlé wọlé yìí. Kí NHIA, àjọ tó ń ṣàkóso NHIS, lẹ ohun tó wà nínú ìdìpọ̀ náà mọ́ ògiri, ní Hausa, Gà, Twi àti Yorùbá. Ẹ̀yin náà, bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ ra rọ́bà, ẹ gba rísíìtì, kẹ́ ẹ sì gbé e lọ sí ọ́fíìsì NHIA.