Kóńgò Kan fún Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ láàrin ẹ̀ka Ìkàrẹ́ àti ẹ̀ka Ọ̀kà tí a kò fẹ́ kí ó di ìjà. Ìdí nìyẹn tí a fi gbé e wá sójú ìwé yìí.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa tí ń kọ kóòdù kọ̀ǹpútà fún ẹgbẹ́ ni. Ti Ìkàrẹ́ ló ń mójú tó ìwé owó ìfipamọ́ àti owó yíyá. Ti Ọ̀kà ló ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí fóònù yín bí ẹ bá ti san owó. Kóòdù méjèèjì ń lo kọ́kọ́rọ́ àṣírí. Kì í ṣe kọ́kọ́rọ́ irin o. Ọ̀rọ̀ gígùn kan ni, lẹ́tà pẹ̀lú nọ́ńbà, tí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lè fi pàṣẹ bí ẹni pé ẹgbẹ́ ló ń pàṣẹ. Ti Paystack, fún àpẹẹrẹ, sk_ ló máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí ọmọ kan bá gbàgbé rẹ̀ sínú kóòdù, tó gbé e lọ sí GitHub, ó ti fi kọ́kọ́rọ́ ilé owó sí ẹnu ọ̀nà nìyẹn.

Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń lo aṣọ́nà bíi Gitleaks tàbí Secretlint, tó ń yẹ kóòdù wò kí ó tó jáde. Ṣùgbọ́n aṣọ́nà kò mọ̀ ju ohun tí fáìlì òfin rẹ̀ bá sọ fún un. Ìkàrẹ́ ní tirẹ̀, Ọ̀kà ní tirẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, Ìkàrẹ́ fi òfin kan kún tiwọn tó ń mú kọ́kọ́rọ́ tí a fi ń ránṣẹ́ sí fóònù. Kò sẹ́ni tó sọ fún Ọ̀kà. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, kọ́kọ́rọ́ yẹn gan-an jáde láti Ọ̀kà. Ọlọ́run ló yọ wá, a tètè pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá wa lọ́jà, ẹ mọ ọ̀rọ̀ kóńgò. Bí kálukú bá ń lo kóńgò tirẹ̀, tí ti ọ̀kan jìn, tí wọ́n ti lu ìdí ti èkejì wọnú, ta ló máa mọ iye gààrí tí òun rà? Èrò tiwa ni pé kí fáìlì òfin jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo. Kò le rárá: nínú Gitleaks, fáìlì iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lè fi [extend] tọ́ka sí fáìlì àjọlò, kí ó sì fi òfin tirẹ̀ kún un.

Àwọn kan ní Ọ̀kà ń bèèrè pé, ṣé Ìkàrẹ́ ló máa máa ṣòfin fún àwọn ni? Ẹ̀tọ́ wọn ni láti bèèrè. Kí ẹnì kan láti ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan máa fọwọ́ sí i kí a tó yí ohunkóhun padà níbẹ̀, bí a ti ń fọwọ́ sí ìwé sọ̀wédowó.

Àwọn mìíràn ní GitHub tiwa, títì ló wà. Ẹ gbọ́ ná: ti Uber náà, títì ló wà. Ní 2016, àwọn méjì wọ ibẹ̀, wọ́n rí kọ́kọ́rọ́ ibi ìpamọ́ Amazon nínú kóòdù, wọ́n sì kó ìsọfúnni nípa mílíọ̀nù 57 èèyàn lọ. Uber san $100,000 kí wọ́n lè dákẹ́. Àṣírí tú ní November 2017. Ní 2018 wọ́n gbà láti san mílíọ̀nù $148 fún àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà. Ẹgbẹ́ wa kò ní irú owó bẹ́ẹ̀ o.

Òótọ́ ni, aṣọ́nà a máa pariwo lásán nígbà mìíràn. Kí ẹni tó bá ní kí ó dákẹ́ kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Bí kọ́kọ́rọ́ bá sì jáde, pípa á rẹ́ nìkan kò tó, nítorí Git a máa tọ́jú ti àtijọ́. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kíá, kí ẹ sì sọ. A ò ní dójú ti ẹni tó bá tètè sọ.

A ó gbé ọ̀rọ̀ yìí wá sí ìpàdé gbogbogbò. Ẹ wá dìbò. Owó tí ìyá kan dá ní Ọ̀kà àti èyí tí bàbá kan dá ní Ìkàrẹ́, inú àpótí kan náà ló wà. Àjọṣe wa kò ní bàjẹ́ o.