Àwòrán Tí Ó Wọ Sútánì

Ẹ̀yin òbí nínú ìjọ wa, púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ni ó ń fi kọ̀ǹpútà àti tẹlifóònù kẹ́kọ̀ọ́ nísinsìnyí. Nígbà mìíràn, àwòrán kan a máa wà níbẹ̀ tí ń sọ̀rọ̀ bí olùkọ́. Ó ní ojú, ó ní ohùn, ó sì wọ aṣọ. Ọ̀rọ̀ aṣọ náà ni a fẹ́ sọ, nítorí kí àwòrán tó la ẹnu ni aṣọ rẹ̀ ti kọ́ ọmọ ní nǹkan.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ẹgbẹ́ Kátólíìkì kan ní Amẹ́ríkà, Catholic Answers, gbé irú àwòrán bẹ́ẹ̀ jáde láti máa dáhùn ìbéèrè nípa ìgbàgbọ́. Wọ́n yà á bí àgbàlagbà onírùngbọ̀n, wọ́n wọ̀ ọ́ ní sútánì, wọ́n sì pè é ní Father Justin. Wọ́n ní láti bọlá fún àwọn àlùfáà ni. Ṣùgbọ́n ìròyìn tàn pé ó ń pe ara rẹ̀ ní àlùfáà gidi, àti pé ó ń fún àwọn ènìyàn ní ìdáríjì ẹ̀ṣẹ̀. Àwọn onígbàgbọ́ ké gbàjarè. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, wọ́n bọ́ sútánì lọ́rùn rẹ̀, wọ́n wọ̀ ọ́ ní aṣọ ọmọ ìjọ, orúkọ rẹ̀ sì di Justin lásán.

Àwọn àgbà ní, bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Àwòrán yìí ní sútánì, ṣùgbọ́n kò ní orí tí Bíṣọ́ọ̀bù lè gbé ọwọ́ lé, kò sì jókòó ti aláìsàn rí.

A kò kórìíra irú ẹ̀kọ́ yìí. Ṣáájú ọdún 2000, àwọn ọ̀mọ̀wé ní North Carolina ya kòkòrò kan, Herman, sínú kọ̀ǹpútà láti kọ́ àwọn ọmọ nípa ewéko. Ó kọ́ wọn dáadáa, ṣùgbọ́n ọmọ wo ni yóò jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ fún kòkòrò?

Nítorí náà, ẹ jókòó ti àwọn ọmọ yín. Ẹ bi wọ́n pé, “Ta ni ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí?” Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹ̀rọ ni. Ìbéèrè ilé-ìwé, kí wọ́n bi ẹ̀rọ. Ẹrù ọkàn, kí wọ́n gbé e tọ àlùfáà lọ, ẹni tí òfin Ìjọ dè láti pa àṣírí ìjẹ́wọ́ mọ́. Èyí tí a sọ fún ẹ̀rọ, a kò mọ etí tí yóò dé.

Kí Olúwa ṣọ́ àwọn ọmọ wa. Àmín.