Òdòdó Tí Àgbẹ̀ Kì í Yìn

Ilé là á wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Oko ni àgbẹ̀ ń wò kí ó tó sọ koríko lórúkọ.

Ní ìgbèríko Niamey, olú ìlú Niger, bí òjò bá ń lọ sópin, òdòdó aláwọ̀ àlùkò a máa tò léra gun ọ̀pá koríko kan láàárín oko jéró, oúnjẹ òòjọ́ wọn. Àlejò á ní ó rẹwà. Àgbẹ̀ á mí kanlẹ̀.

Striga ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé. Àwọn Hausa ń pè é ní wuta-wuta: iná ni wuta lédè wọn, jéró tí ó bá sì kọlù a máa gbẹ bí èyí tí iná rà. Òyìnbó pè é ní koríko àjẹ́, nítorí abẹ́ ilẹ̀ ló ti ń fa oje gbòǹgbò mu kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Ìdí kan ṣoṣo lè so hóró 50,000, tó lè sùn nínú ilẹ̀ fún ọdún 10.

Nígbà tí wọ́n rí ẹ̀yà rẹ̀ kan nínú oko àgbàdo ní ìpínlẹ̀ Carolina méjèèjì l'Amẹ́ríkà ní 1956, owó ìjọba ni wọ́n fi gbógun tì í. Ọwọ́ lásán ni àgbẹ̀ Niger fi ń fà á tu kí ó tó so.

Ìwà lẹwà. Ẹni tí orúkọ náà bá yé yékéyéké kò ní dúró wo òdòdó. Yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, yóò sì fà á tu.